Sí Olóòtú: Họ́sìpáwà kọ́ ló ń ṣẹ́ ródù

Ọ̀gá Olóòtú,

Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Èmi kì í sábà kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í jẹ́ kí n ráyè, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ sójú ìwé ọkọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹ ní ẹ́ńjìnnì kan wà tó lè gbé 1,000 họ́sìpáwà láìfọwọ́ kan inú ẹ̀ rárá, kéèyàn ṣáà ti so tọ́bò ńlá, ẹ̀rọ tó ń rọ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, mọ́ ọn kó sì tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ tò, ó parí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló gé e jáde nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó wá bi mí pé ọ̀gá, ìgbà wo la máa ṣe tiwa. Inú ẹ̀ dùn gan-an. Mi ò bínú sí i, mi ò sì bínú sí ẹni tó kọ ọ́, torí bí gbogbo ayé ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn, wọ́n á ní písítìnì yìí, tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, gbé 800, ródù yẹn, irin tó so písítìnì mọ́ kráńkì tó ń yí nísàlẹ̀, gbé 600, bí ẹni ń sọ iye àpò sìmẹ́ǹtì tí ọkọ̀ lè kó. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láàyè kí n ṣàlàyé, torí ẹni tó bá gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ bó ṣe wà lè pàdánù ẹ́ńjìnnì, ó sì lè pàdánù ẹsẹ̀, mo máa débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú họ́sìpáwà fúnra ẹ̀. Ìṣirò lásán ni: ẹ mú tọ́ọ̀kì, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń lọ́ nǹkan, tí wọ́n fi lb-ft wọ̀n, ẹ fi iye ìgbà tí kráńkì ń yí nínú ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi 5,252 pín in. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà tó wọ 600 họ́sìpáwà ju ẹyọ kan lọ. Ẹ́ńjìnnì kan lè dé ibẹ̀ nígbà tó bá ń yí ní 9,000, tọ́ọ̀kì ẹ̀ ò sì ní ju 350 lọ. Òmíràn lè dé ibẹ̀ ní 5,500, tọ́ọ̀kì tiẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 573. Nọ́ńbà kan náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára máa kọ sórí bébà fáwọn méjèèjì, àmọ́ ìyà tó ń jẹ ródù nínú ti àkọ́kọ́ àti èyí tó ń jẹ ti ẹ̀kejì ò jọra rárá, ọ̀kan dà bí ẹni tí wọ́n ń fà lápá láti òkè, èkejì dà bí ẹni tí wọ́n gbé òkúta lé lórí. Irin ò mọ họ́sìpáwà. Ohun tí irin mọ̀ ni pé wọ́n ń fa òun, wọ́n ń tẹ òun, wọ́n ń lọ́ òun, ooru ń mú òun, ó sì mọ iye ìgbà tí wọ́n ti ṣe é.

Fífà ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun làwọn èèyàn kì í rí. Písítìnì ń gòkè, ó dé òkè pátápátá, ó dúró, ó yí padà. Kí ló dá a dúró? Ródù ni. Lásìkò tó bá ń ti èéfín jáde, fálùfù ti ṣí, prẹ́ṣọ̀ kankan ò sí lórí ẹ̀ tó máa tì í padà sísàlẹ̀, ródù nìkan ló dì í mú kó má fò lọ. Ká fi 2JZ, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 6 ti Toyota, ṣàpẹẹrẹ, torí òun ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Sílíńdà ẹ̀ fẹ̀ tó 86 mm, písítìnì ẹ̀ sì ń rin 86 mm látìsàlẹ̀ dókè. Ká sọ pé písítìnì, píìnì ẹ̀, ríìngì ẹ̀ àti apá òkè ródù jẹ́ 600 gíráàmù lápapọ̀, nǹkan téèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé sókè láìmọ̀ pé òun gbé nǹkan. Ní yíyí 7,000, ohun tí ò tó kìlò kan yẹn á máa fa ródù bíi 1.8 tọ́nù. Ẹ gbé e lọ sí 9,000, ó ti di 3 tọ́nù. Ìyípo ò tíì fi ìdá mẹ́ta lé, àmọ́ ìyà ti fi ju ìdajì lọ lé, torí tí ìyípo bá di ìlọ́po méjì, fífà á di ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Ní 9,000 yẹn, ìgbà 75 ló ń ṣẹlẹ̀ sí ródù kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo.

Ẹ sì kíyè sí i pé mi ò tíì dárúkọ tọ́bò o. Kò sí tọ́bò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó fẹ́ wọ gíà 4 tó wá ṣèèṣì wọ 2, táyà á fi tipátipá yí ẹ́ńjìnnì kọjá ibi tó yẹ, ẹ́ńjìnnì yẹn ò pèsè agbára kankan nígbà yẹn, táyà ló ń wọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ródù lè já níbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kọ fún un, pé ó já ní họ́sìpáwà mélòó?

Ohun tó so apá ìsàlẹ̀ ródù mọ́ kráńkì ò ju bọ́ọ̀tì méjì lọ, kékeré báyìí, àwọn ló ń gba gbogbo fífà yẹn. Mo mọ̀ ọ́n torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo ṣì ń fi ọkọ̀ sáré fúnra mi, mo ra písítìnì tuntun, mo ra bíárìn tuntun, mo ní kí wọ́n bá mi lọ kráńkì, gbogbo ẹ̀ ń dán gbinrin, àmọ́ bọ́ọ̀tì ródù tó ti wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn látìbẹ̀rẹ̀ ni mo dá padà síbẹ̀, mo sì fọwọ́ mọ bó ṣe le tó, torí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà, ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ìgbà kẹrin tí mo gbé e jáde ló já. Mo gbọ́ ìró kan gbàgà bí ìgbà tí wọ́n la òkúta mọ́ páànù, ká tó wí ká tó fọ̀ ọ́ìlì ti dà sórí páìpù èéfín tó ti pọ́n, iná sọ. Mo tètè bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fara pa. Nígbà tá a tú u, ródù kẹta ti gba ẹ̀gbẹ́ bílọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tí sílíńdà wà nínú ẹ̀, jáde, ihò tó dá síbẹ̀ gba ọwọ́ mi wọlé. Bọ́ọ̀tì kan ló kọ́kọ́ já, ojú ibi tó ti já sì ní ìlà wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ bí èyí tí omi òkun máa ń fi sórí iyanrìn tó bá ń fà sẹ́yìn, ìyẹn ni pé ó ti ń sán díẹ̀díẹ̀ tipẹ́ kó tó wá jáwọ́ lọ́jọ́ náà. Họ́sìpáwà ẹ́ńjìnnì yẹn ò tó 250. Bọ́ọ̀tì yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Bọ́ọ̀tì ródù, ẹ fojú sípíríǹgì wò ó. Tẹ́ ẹ bá dè é dé ibi tó yẹ, tí agbára tó fi di ìdérí ródù mú bá ju agbára tí písítìnì fi ń fà á, ìdérí ò ní ṣí, bọ́ọ̀tì náà ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ. Tí kò bá le tó, gbogbo ìgbà tí písítìnì bá fà ló máa mọ̀ ọ́n lára, á nà, á sún kì, á nà, á sún kì, títí irin á fi rẹ̀. Ìdí tí tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì, sípánà tó ń fi nọ́ńbà sọ bó ṣe le tó, ò fi tó nìkan nìyẹn, torí bí ọ́ìlì tó wà lójú ìlà bọ́ọ̀tì bá yàtọ̀, nọ́ńbà tí rẹ́ǹṣì ń sọ ti yí padà láìjẹ́ pé bọ́ọ̀tì nà bó ṣe yẹ. A máa ń wọn gígùn ẹ̀ ká tó dè é, ká tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tá a bá dè é tán, ká lè mọ bó ṣe nà tó. Tá a bá tú u lọ́jọ́ mìíràn tó wá fi 0.025 mm gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ti kú nìyẹn, a jù ú nù. Ẹ pín mílímítà kan sí 40, ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀ ni mò ń sọ. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ láàárín bọ́ọ̀tì àti ihò lára bílọ́ọ̀kù.

Títẹ̀ wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni tọ́bò ti wọlé. Tí epo bá gbiná, tí prẹ́ṣọ̀ lórí písítìnì bá gun 100 bar, lórí sílíńdà 86 mm yẹn ó ń lọ sí 6 tọ́nù, inú ródù ni gbogbo ẹ̀ sì ń gbà kọjá lọ sórí kráńkì. Tí búùstì, atẹ́gùn tí tọ́bò ń rọ́ wọlé, bá gbé e dé 150 bar, ó ti ń lọ sí 9 tọ́nù. Ródù tí kò lè gbà á á tẹ̀ kọdọrọ. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ìsàlẹ̀ lèyí ti ń burú jù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì yí lọ títí. Ní 8,000, písítìnì tó fẹ́ fò lọ yẹn ń bá prẹ́ṣọ̀ du díẹ̀ nínú agbára ẹ̀, ó ń mú un fúyẹ́ fún ródù. Ní 3,000, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan tó ń bá a du ú. Nítorí náà ẹni tó so tọ́bò kékeré mọ́ ọn, tó ń rọ́ búùstì sínú ẹ̀ látorí 3,000 torí pé ó fẹ́ kí ọkọ̀ tètè fò, lè tẹ ródù tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ń gbé họ́sìpáwà tó jù ú lọ lórí ẹ̀ láìsí ìyọnu, torí tọ́bò ti ẹlòmíràn yẹn tóbi, òkè ló ti ń jí. Ródù kan náà o, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é. Nọ́ńbà wo lẹ máa kọ sára páálí ẹ̀ báyìí?

Ẹ jẹ́ kí n yà síbi ọ̀rọ̀ èdè díẹ̀. Àwa mẹkáníìkì máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ kan yìí la sì ń lò fún nǹkan mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Bíárìn ródù ti jẹ, ó ń ró kò-kò-kò nísàlẹ̀, a ní ó nọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnnì gan pa, kò yí mọ́, a ní ó nọ́ọ̀kì. Epo dá gbiná fúnra ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ sílíńdà kí iná tí pláàgì dá tó jó débẹ̀, ó ń dún ṣíńṣíń bí ẹni da ìṣó sínú agolo, nọ́ọ̀kì náà la pè é. Mo fẹ́ ká wá orúkọ ọ̀tọ̀ fún ẹ̀kẹta yìí, torí òun ló ń pa ẹ́ńjìnnì tọ́bò jù, tí ọmọ iṣẹ́ bá sì gbọ́ nọ́ọ̀kì, bíárìn ló máa lọ wò.

Ohun tí nọ́ọ̀kì ẹ̀kẹta yẹn ń ṣe rèé. Iná tó ń jó nínú sílíńdà gbóná ju 2,000°C lọ, bẹ́ẹ̀ alumíníọ́mù, tí wọ́n fi ṣe písítìnì, 660°C ló ti ń yọ́. Kí ló dé tí písítìnì kì í yọ́ lójoojúmọ́? Atẹ́gùn fẹ́lẹ́ kan ló lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀ bí aṣọ, kì í jẹ́ kí iná kàn án tààrà, ríìngì náà sì ń kó ooru kúrò lára ẹ̀ lọ sára ògiri sílíńdà. Tí nọ́ọ̀kì bá wọlé, prẹ́ṣọ̀ á máa gbá kiri inú sílíńdà bíi lílù, á gbá aṣọ atẹ́gùn yẹn kúrò, iná á wá kan irin. Lílù yẹn fúnra ẹ̀ á sì máa ṣẹ́ àlàfo tó wà láàárín ríìngì kìíní àti ìkejì, ibi tó tín-ín-rín jù lára písítìnì. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì tí ródù ẹ̀ dára, tí kráńkì ẹ̀ dára, bílọ́ọ̀kù dára, ibi kékeré yẹn nìkan ló ṣẹ́ lára písítìnì mẹ́rin nínú mẹ́fà. Epo tí kò dára tó àti iná pláàgì tó yá jù ló ṣe é. Kì í ṣe pé agbára pọ̀ jù.

Lórí písítìnì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ á tètè gbà mí, torí ìyàtọ̀ dídà àti rírọ ni. Èyí tí wọ́n dà sínú mọ́dù àti èyí tí wọ́n rọ, wọn kì í fara da nǹkan bákan náà. Nínú àwọn tí wọ́n dà, àwọn kan wà tí sílíkọ́nì inú wọn tó ìdá 16 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n le, wọn kì í tètè jẹ, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wú tí ooru bá mú wọn, ó dáa fún ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ tí nọ́ọ̀kì bá lù wọ́n, bí ìkòkò ni wọ́n ṣe ń fọ́. Nínú àwọn tí wọ́n rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní 4032 ní sílíkọ́nì bí ìdá 12, èyí tí wọ́n ń pè ní 2618 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá. 2618 yẹn máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́, ó ń fún èèyàn láyè, ìdí nìyẹn táwọn tó ń lo búùstì ńlá fi fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ó máa ń wú gan-an tó bá gbóná, torí náà wọ́n á fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri, á sì máa dún tó bá tutù láàárọ̀. Kò burú. Ẹ má lọ dá oníṣẹ́ lẹ́bi torí ìyẹn.

Ríìngì náà o. Ìdí tí mo fi ń dárúkọ ẹ̀ ni pé kò ná èèyàn ní nǹkan kan ju sùúrù lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Etí ríìngì méjèèjì kì í kan ara wọn, àlàfo máa ń wà níbẹ̀. Fún sílíńdà 86 mm tí kò ní tọ́bò, àlàfo bíi 0.34 mm ni wọ́n sábà ń fi sílẹ̀. Tí búùstì ńlá bá ń bọ̀, ó máa ń tó 0.5 mm. Ẹni tí kò fi kún un, tọ́bò á mú ooru wá, ríìngì á gùn, etí méjèèjì á pàdé, kò ní ríbi lọ mọ́, á hán mọ́ ògiri, á sì fa orí písítìnì ya. Àwọn èèyàn á wá ní písítìnì yẹn ò lè gbé 500.

Ọ̀rọ̀ bílọ́ọ̀kù ni ẹ kọ nípa ẹ̀ gan-an, ibẹ̀ lẹ sì ti tọ̀nà díẹ̀. Lóòótọ́ ni bílọ́ọ̀kù 2JZ lágbára, irin dídà ni, ó nípọn, bíárìn 7 ló di kráńkì ẹ̀ mú. Àwọn èèyàn ti gba 700 sí 800 họ́sìpáwà nínú ẹ̀ láìyí ródù àti písítìnì padà, mi ò jiyàn. Ẹ wá mú ti Ford wò, V8 (sílíńdà 8, mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan) onílítà 5 tí wọ́n ń pè ní 302. Àwọn tó ń fi í sáré mọ̀ pé tó bá ti ń sún mọ́ 500, bílọ́ọ̀kù ọ̀hún lè là sí méjì láti àárín, láti àfonífojì tó wà láàárín sílíńdà ọ̀tún àti tòsì lọ sí ibi tí kráńkì jókòó sí, bí ìgbà tí wọ́n la obì. Téèyàn bá fi ródù tó lágbára jù láyé sínú ẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti máa là. Téèyàn bá mú ibì kan le nínú ẹ́ńjìnnì, ńṣe ni ìyà máa wá ibòmíràn lọ. Ẹ fi ródù tó dáa síbẹ̀, orí sílíńdà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, gásíkẹ̀tì á fẹ́. Ẹ fi bọ́ọ̀tì tó nípọn di orí sílíńdà mọ́lẹ̀, ògiri sílíńdà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ mú ìyẹn náà le, ó kan gíábọ́ọ̀sì. Mo ti bá a yí dé ẹ̀yìn táyà rí.

Àmọ́ nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ ò sọ fún ìgbà mélòó. Ẹ́ńjìnnì gbé 1,000. Fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni àbí fún ọdún 10? Ọmọ Jámánì kan wà, August Wöhler, iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe, láàárín ọdún 1850 sí 1870 ló fi ń wádìí ohun tó ń jẹ́ kí irin tó so táyà rélùwéè pọ̀ máa ṣẹ́ nígbà tí ẹrù tó gbé ò tó nǹkan tó yẹ kó ṣẹ́ ẹ. Ó rí i pé irin lè gba ẹrù kan lẹ́ẹ̀kan láìṣe é ní nǹkan kan, kó sì ṣẹ́ lábẹ́ ìdajì ẹ̀ tí wọ́n bá gbé e lé e lọ́pọ̀ ìgbà. Irin líle ní ibì kan tó jẹ́ pé tí ìyà ò bá ti kọjá ibẹ̀, ó lè máa gbà á lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ títí ayé. Alumíníọ́mù ò ní irú ibẹ̀ yẹn. Bó ti wù kí ìyà kéré tó, ó ń kà á.

Ẹ wo ohun táwọn tó mọṣẹ́ jù ń ṣe. Àwọn ọkọ̀ Top Fuel ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń sá eré tààrà, ẹ́ńjìnnì V8 onílítà 8.2 tó ń jó epo eré tí wọ́n ń pè ní nitromethane, agbára wọn ń lọ sí 11,000 họ́sìpáwà, ródù alumíníọ́mù ni wọ́n ń lò, torí ó fúyẹ́, ó sì máa ń gba lílù mọ́ra. Eré tí wọ́n ń sá ò tó ìṣẹ́jú-àáyá 4. Ẹ ṣírò ẹ̀, tí kráńkì bá ń yí 8,000 nínú ìṣẹ́jú kan, nínú ìṣẹ́jú-àáyá 4 kò yí ju bí ìgbà 530 lọ. Lẹ́yìn eré ẹyọ kan ṣoṣo yẹn, wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n á yẹ gbogbo ẹ̀ wò, wọ́n á sì pààrọ̀ ohun tó bá yẹ kó tó tún sáré. Ọkọ̀ tí ẹnì kan ń wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní yíyí 3,000 fún wákàtí kan, kráńkì ẹ̀ ti yí ìgbà 180,000. BMW náà, nígbà tí wọ́n ń lo tọ́bò nínú Formula 1 láyé ọjọ́un, bílọ́ọ̀kù irin tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ lásán ló ti wá ni wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì onílítà 1.5, òun ni Nelson Piquet fi gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 1983. Tó bá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó máa wà níwájú, wọ́n máa ń gba ohun tó ju 1,000 họ́sìpáwà lọ nínú ẹ̀, fún ìwọ̀nba yíyípo pápá díẹ̀. Lọ́jọ́ eré fúnra ẹ̀, tó máa lò tó wákàtí kan ààbọ̀, wọ́n á dín búùstì kù gan-an. Àwọn onímọ̀ yẹn ò sọ pé bílọ́ọ̀kù wa gbé 1,000 kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n mọ ìṣẹ́jú mélòó tó lè gbé e.

Mo ní mo máa débi ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1970, ní pápá eré Lions ní California, gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ Don Garlits, awakọ̀ eré tààrà, bú gbàmù níbi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì làwọn awakọ̀ ń jókòó sí, gíábọ́ọ̀sì á wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ọkọ̀ ọ̀hún já sí méjì, ó sì gé apá iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ lọ. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa wà lẹ́yìn awakọ̀, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1971, ó fi gba ìdíje, gbogbo àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá nínú àwọn ọ̀gá ni Garlits o, kì í ṣe ẹni tó ń dán nǹkan wò lẹ́yìn ilé.

Torí irú nǹkan báwọ̀nyí ni SFI Foundation fi ń gbé òfin jáde lórí ohun èlò eré. Èyí tí wọ́n pè ní 1.1 wà fún fláìwíìlì, àgbá irin tó ń yí lẹ́yìn kráńkì, àti kílọ́ọ̀ṣì, 6.1 wà fún irin tó bo fláìwíìlì kí àfọ́kù ẹ̀ má bàa gba ilẹ̀ ọkọ̀ wọlé, 4.1 wà fún ohun tí wọ́n fi ń bo gíábọ́ọ̀sì ọ̀tọ́mátíìkì, 18.1 wà fún ohun tó ń pa gbígbọ̀n kráńkì níwájú ẹ̀. Fláìwíìlì irin dídà tó bá ọkọ̀ wá látilé iṣẹ́, ìyípo tí wọ́n ṣe é fún ni kó máa yí, irin dídà ò fẹ́ràn kí wọ́n máa fà á ya, yíyí sì ń fà á ya láti àárín lọ sí etí, òun náà pẹ̀lú ìlọ́po yẹn, tí ìyípo bá di méjì, fífà di mẹ́rin. Ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà gan-an ló wà. Tí ẹ bá kọ̀wé pé kéèyàn gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí 9,000 láìfọwọ́ kan inú ẹ̀, ẹ rántí pé fláìwíìlì wà nínú ohun tí ẹ ní kó má fọwọ́ kàn.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọ pé nǹkan kan gbé iye họ́sìpáwà kan, ẹ bi ẹni tó sọ fún yín pé ní yíyí mélòó, tọ́ọ̀kì ẹ̀ jẹ́ mélòó, epo wo ló ń lò, ó sì tó wákàtí mélòó tó ti ń gbé e. Tí kò bá lè dáhùn, ẹ má tẹ nọ́ńbà yẹn jáde. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ńlá ló ń ta ìwé ìròyìn, àmọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń kà á, wọ́n sì ń gbà yín gbọ́ ju ọ̀gá wọn lọ nígbà míì.

Ní ti ọmọ ọ̀dọ̀ mi, mi ò ní kó já bébà yẹn kúrò lára ògiri. A ti gbé ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ sórí tábìlì, sílíńdà 6 ló ní, bọ́ọ̀tì ródù 12 tuntun sì ti wà nílẹ̀. Mo ti fún un ní maikromítà àti ìwé kékeré kan, òun fúnra ẹ̀ ló máa wọn gígùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó dè wọ́n, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tún wọ̀n wọ́n tó bá dè wọ́n tán. Títí di ìrọ̀lẹ́ àná, ó ti wọn 7.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Mẹkáníìkì tó ń to ẹ́ńjìnnì eré